Kóńgò Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Kóńgò méjì ni Kúnbi ní. Èyí tó fi ń rà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tó fi ń tà wà lórí àpò ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti lè rí i. Páànù kan náà ni wọ́n, etí kan náà tó ká sóde. Bí ọkọ̀ ẹ̀wà bá dé sí Mile 12 láti Òkè Ọya, tí Kúnbi bá fura pé àpò kò kún tó, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé lọ bá àwọn onímọ́tò. Yóò wọn ọjà lójú wọn, yóò sì bá wọn jà títí wọn ó fi bu ẹ̀tọ́ rẹ̀ kún un. Kò sí ẹni tó lè rẹ́ Kúnbi jẹ.

Àdúgbò sì mọ̀ ọ́n sí obìnrin tó lawọ́. Bó bá wọn ẹ̀wà fún oníbàárà tán, yóò tún fi ọwọ́ bù ú lẹ́ẹ̀mejì, yóò dà á lé e lórí. "Ẹ gba èènì yín, kí ọmọ ilé má bàa sunkún." Ẹni tó bá sì ti gba èènì kì í wo ìdí kóńgò.

Ní Àbámẹ́ta tó ṣáájú ìkórè ọdún 2006, Akínbíyì ọkọ rẹ̀ jí, ó ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Díákónì ni nínú ìjọ wọn ní Ikosi, òun náà ló ń kọ́ àwọn àgbà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Orin Dáfídì kejìlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì. Ó ṣí Bíbélì sórí àga, ó ń kà á sókè bó ṣe ń lọ aṣọ: "Nígbà tí mo dákẹ́, egungun mi di gbígbó..."

"Daddy Success, ẹ rọra, ẹ ó jó ọrùn aṣọ," ni Kúnbi wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Èwo lò ń gbé?"

"Èyí tó péye. Àwọn opó la fẹ́ wọ̀n ọ́n fún."

Akínbíyì gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún gbé ojú kúrò. "Ìyẹn dáa," ló wí.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá gọ́tà ojúlé rẹ̀: kò ní wò ó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó fò.

Opó mọ́kànlá ló jókòó lórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ ibòòji ògiri, olúkúlùkù pẹ̀lú abọ́ tàbí náílọ́nù lórí itan. Ìdajì àpò ẹ̀wà tí ìjọ rà wà nílẹ̀ níwájú wọn. Kóńgò méjì méjì ni ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kúnbi tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin ti ki kóńgò bọ inú àpò nígbà tí Pásítọ̀ Olújìmí na ọwọ́ sí i.

"Mummy Success, ẹ dúró ná. Ṣé èyí tá a gbàdúrà sí nìyẹn?"

Ní oṣù kìíní ọdọọdún, ìjọ náà a máa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń gbé irinṣẹ́ wọn wá síwájú pẹpẹ. Télọ̀ a gbé àlùmọ́gàjí wá, onídìrí a gbé ìyarun wá, Pásítọ̀ a sì fi àtàǹpàkò ta òróró sí i. Kúnbi náà gbé kóńgò lọ. Èwo ni ì bá gbé? Ta ni í gbé èyí tí kò mú nǹkan wálé lọ gba ìbùkún? Èyí tó fi ń tà ló gbé lọ. Ìjọ ṣe àmín sí i, nígbà tó sì délé, ó fi ọ̀dà pupa ya àgbélébùú kékeré síbi tí òróró ti kàn án.

"Rárá, sà. Ìyẹn wà nílé," ni Kúnbi dáhùn. "Ọ̀kan náà ni wọ́n, sà."

"Bó bá jẹ́ ọ̀kan náà ni, ẹ jẹ́ ká lo èyí tó lóróró. Mo ti sọ fún àwọn ìyá wa pé inú ohun èlò àdúrà ni wọn ó ti jẹ lọ́dún yìí. Ta ló lè bá wa sáré lọ gbé e?"

Kúnbi kò lè sọ mọ́ pé kì í ṣe ọ̀kan náà. Irọ́ tí ò ju ìka lọ ti di okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ó wo ọkọ rẹ̀.

Akínbíyì dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. "Èmi á lọ, sà."

Ó gbé kóńgò náà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó fi náílọ́nù dúdú wé e, ṣùgbọ́n kò kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìsọ̀ Rahmon tó ń ṣiṣẹ́ páànù ló yà sí, nísàlẹ̀ ilé kan náà tí wọ́n jọ ń gbé.

"Rahmon, bá mi yọ páànù tó gbé ìdí ẹ̀ sókè. Kíá kíá."

Rahmon gba kóńgò, ó yí i po, ó fi èékánná kan ìdí rẹ̀. Ó dún bí àpótí òfìfo.

"Díákónì, òjé ni mo fi lẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ gbé e wá. Àfi kí n dáná. Bó yá tán, wákàtí kan."

"Fi òòlù gbá a."

"Gbogbo ẹ̀ ló máa ya. Ohun téèyàn bá fi iná ṣe, iná náà ló ń tú u."

Fóònù dún nínú àpò Akínbíyì. Pásítọ̀ ni. "Díákónì, oòrùn ti ń mú àwọn ìyá o."

"Mo ti ń bọ̀, sà. Mo ti wà lọ́nà."

Rahmon dá kóńgò náà padà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìṣó tó wà nílẹ̀.

Báyìí ni kóńgò olóròóró dé iwájú àwọn opó, tí àgbélébùú pupa rẹ̀ ń dán. Kúnbi wọ̀n ọ́n fún ẹni kìíní, ó wọ̀n ọ́n fún ẹnì kejì àti ẹ̀kẹta. Èènì rẹ̀ ọjọ́ náà pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bù ú. Òógùn bò ó lójú. Ẹnì kẹrin ni Ìyá Ọláìyá, obìnrin Odéda kan tó ti fi ogójì ọdún ta gàrí kó tó wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ní Ketu. Abọ́ tánganran olódòdó búlúù ló gbé dání.

Ó wo ẹ̀wà inú abọ́ náà títí.

"Kóńgò méjì ló máa ń kún abọ́ mi yìí dé etí," ló wí. "Gbé kóńgò yẹn wá, ọmọ mi."

Ó ki ìka mẹ́rin bọ inú kóńgò, ó fi àtàǹpàkò dúró níta, ó ń wá ibi tí ọwọ́ inú àti ọwọ́ òde ti máa bára pàdé. Wọn kò bára pàdé.

"Ọmọ mi, kóńgò yìí lóyún."

Opó kan bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Ìyá Ọláìyá kò rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn bo ẹnu. Ìyá Ọláìyá bu ẹ̀wà kún kóńgò olóròóró bámúbámú, ó da gbogbo rẹ̀ sínú kóńgò kejì tí Kúnbi kọ́kọ́ gbé wá. Ó ku ìka mẹ́ta gbáko kó kún.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, ta ló mọ èyí tí inú ń run? Pásítọ̀ Olújìmí ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀, èyí tó fi ta òróró.

"Mummy Success, ta ló ṣe èyí?"

Kúnbi gbé ojú sókè, ó wo ọkọ rẹ̀. Akínbíyì ń wo pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka àkókò ìsìn tó wà lára rẹ̀ bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú.

"Èmi ni, sà," ni Kúnbi wí.

Wọ́n fi kóńgò tó péye tún ti gbogbo wọn wọ̀n. Ẹlòmíràn ló wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ sọ ohun tí gbogbo wọn ti mọ̀ pé yóò sọ: ìjókòó ẹ̀yìn, oṣù mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Àga kan ni wọ́n ń gbé fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò ní bá ẹgbẹ́ kọrin, kò ní jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò sì kọ́kọ́ rí i. Ó wá kọjú sí Akínbíyì, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Díákónì, ẹ pẹ̀lẹ́. Olúwa á fún yín lágbára láti gbé e."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Akínbíyì dáhùn. "Ẹ bá mi bá a wí dáadáa."

Kí Kúnbi tó délé, ọ̀rọ̀ ti délé dè é. Àwọn obìnrin dúró yí ẹ̀rọ omi àgbàlá ká, kẹ́ẹ̀gì wọn ti kún, kò sẹ́ni tó gbé tirẹ̀ kúrò.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Mama Kóńgò," ni Mummy Clara wí. Yàrá wọn ló kọjú síra.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kúnbi fẹ́ kọjá.

"Ẹ má lọ ná. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ yín. Tí mo bá sè é, kì í kárí. Ẹ mọ ohun tí mo máa ń sọ? Mo máa ń sọ pé Clara ló ń bù ú jẹ ní tútù kó tó dórí iná." Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. "Mo na ọmọ yẹn, Mummy Success. Ó búra, mo tún nà án."

Kúnbi dúró bí ẹni tí wọ́n gbìn. Akínbíyì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin náà sì yà fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ilé la ti ń mọ ẹni tó ń forí tì í. Èèyàn jẹ́jẹ́ bíi tiyín."

"Ẹ ṣeun," ni Akínbíyì tún dáhùn. Àánú rẹ̀ tí wọ́n ṣe yìí gún un lára bí ẹ̀gún. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

Nínú yàrá, Kúnbi ṣí ìkòkò ẹ̀wà tó ti sè sílẹ̀ láàárọ̀, ó bù ú sínú àwo mẹ́ta. Ó fi tiwọn síwájú ọkọ rẹ̀ àti Success ọmọbìnrin wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Success. Kò fọwọ́ kan ṣíbí.

"'Ẹ bá mi bá a wí dáadáa,'" ni Kúnbi wí. Kò gbé ohùn sókè rárá.

"Kúnbi, kí lo fẹ́ kí n sọ níwájú àwọn èèyàn? Bí àwa méjèèjì bá jọ ṣubú, ta ni yóò gbé ìkejì rẹ̀ dìde?"

"Ta ló gbé kóńgò lọ bá Rahmon?"

"Ìwọ lo fi ń tà."

"Mo fi ń tà. Mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú opó mọ́kànlá. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Akínbíyì mú ṣíbí, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Ẹni tó gbé epo lájà..." ni Kúnbi bẹ̀rẹ̀. Kò parí òwe náà. Àwọn méjèèjì ló wà níbi tí wọ́n ti gbé epo, àwọn méjèèjì náà ló gbà á sílẹ̀.

Success ti àwo ẹ̀wà rẹ̀ síwájú. "Daddy, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣì máa kọ́ wọn lọ́la?"

Kúnbi dìde, ó gbé kóńgò olóròóró mọ́ abíyá. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn.

"Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀," ló wí, "kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́." Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Rahmon.

Iṣẹ́ Akínbíyì ní gbogbo ọ̀sán Àbámẹ́ta ni láti to àga ṣọ́ọ̀ṣì de ìsìn ọjọ́ kejì. Ó lọ tò ó. Ṣé kò kúkú sí ibòmíràn tó lè lọ. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó bá Ìyá Ọláìyá lórí bẹ́ńṣì tó ti wà láàárọ̀, ó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, ó ń retí ẹni tí yóò bá a gbé ẹrù. Akínbíyì kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àga. Nígbà tó tò ó tán, ó gbé ẹyọ kan lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó yí i kọjú síwájú.

"Àga ta nìyẹn?" ni Ìyá Ọláìyá bi í láti ìta.

"Ti ìyàwó mi ni, Mama."

Òkúta kan já sínú páànù ọwọ́ rẹ̀, *kín*.

"Tìrẹ dà?"

Ìyá Ọláìyá ò dúró de ìdáhùn.

"Mo rí ibi tí ìyàwó rẹ wò nígbà tí Pásítọ̀ bi í. Mo sì rí ibi tí ìwọ wò." Ó ṣa òkúta mìíràn. "Ó yẹ kí n pè é sẹ́yìn kí n sọ ọ́ fún un. Ẹnu ló yá mi. Nígbà tí mo tọwọ́ bọ kóńgò yẹn, ara mi ni mo bá níbẹ̀."

"Báwo, Mama?"

"O rò pé wíwò ni mo fi mọ̀ ọ́n? Ọwọ́ tó bá ti ṣe é rí ló ń mọ̀ ọ́n. Bàbá Ọláìyá ló bá mi fi òkúta lu ìdí tèmi sókè, lọ́jà Odéda. Ó kú, n kò sọ. Àwọn tí mo wọn gàrí fún kú, n kò sọ. Mo wá di ìyá ìjọ. Ta ni mo fẹ́ lọ bẹ̀ báyìí?" Ó gbé ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú sókè. "Kí lẹ máa kà lọ́la?"

"Orin Dáfídì kejìlélọ́gbọ̀n, Mama."

"Nígbà tí mo dákẹ́," ni Ìyá Ọláìyá wí. Kò ka ìyókù. "Ogójì ọdún, Díákónì. Kì í ṣe eegun nìkan ló ń gbó. Lọ sọ ọ́ níbi tí o ti dákẹ́."

Akínbíyì padà sáàárín àwọn àga. Ó wá gbé ìkan sí i, ó gbé e lọ sẹ́bàá ti àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Pásítọ̀ jáde láti inú yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ìwé ìkéde ọ̀la lọ́wọ́.

"Díákónì, ẹnì kan ṣoṣo la bá wí. Ẹ gbé àga méjì."

"Méjì la jẹ́, sà." "Èmi ni mo gbé kóńgò yẹn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ páànù. Èmi ni mo sọ bí páànù ìdí rẹ̀ ṣe máa ga tó fún un. Lóòórọ̀ yìí, mo tún gbé e lọ bá a pé kó bá mi yọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ìjọ fúnra mi lọ́la, kí wọ́n tó kọrin."

Pásítọ̀ Olújìmí jókòó lórí àga tó sún mọ́ ọn jù lọ. "Oṣù kìíní yẹn," ló wí, "mo ta òróró sí i, n kò wo inú rẹ̀." Níta, òkúta ń já sínú páànù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Akínbíyì bá Ìyá Ọláìyá gbé ẹ̀wà rẹ̀ délé. Nígbà tí òun náà yóò fi délé, oòrùn ti ń wọ̀, àgbàlá sì ti kún. Iná ń kú lọ nínú ìkòkò èédú Rahmon. Páànù tó yọ wà nílẹ̀, ó rí róbótó, ó dúdú, ìyẹ̀fun kòkòrò ẹ̀wà ọjọ́ pípẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Kúnbi jókòó lórí àpótí, àpò ẹ̀wà ọjà rẹ̀ ló ṣí síwájú. Àwọn ará ilé tò pẹ̀lú abọ́.

"N kò mọ iye tí mo rẹ́ jẹ lára ẹnì kankan," ló ń sọ fún wọn. "Sákéù ní òun á san án ní ìlọ́po mẹ́rin. N kò lágbára mẹ́rin. Ibi tí àpò yìí bá mọ, ibẹ̀ ni mo lágbára mọ lónìí."

Ó wọ̀n ọ́n fún Mummy Clara, ó dá èènì lé e.

"Àwọn tó ń kọjá tí wọ́n rà á, tí wọ́n ti gbé e lọ ńkọ́?" ni Mummy Clara bi í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kúnbi na ọwọ́ gba abọ́ ẹlòmíràn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ni àwọn obìnrin wí nígbà tí wọ́n rí Akínbíyì, wọ́n tún ń yà fún un bíi ti ọ̀sán. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

"Ẹ má kí mi ní pẹ̀lẹ́ mọ́." Ó dúró síbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. "Èmi ni mo ní kí Rahmon fi páànù yẹn sí i. Ìyàwó mi kọ́ ló gbé e lọ. Mummy Clara, ẹ bá mi bẹ Clara. Màá wá bẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Rahmon fi ẹsẹ̀ ti páànù róbótó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbé ojú sókè. Akínbíyì bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá àpò ẹ̀wà, ó di ẹnu rẹ̀ mú kó lè ṣí dáadáa fún ọwọ́ Kúnbi. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n títí tó fi kan ẹni ìkẹyìn. Kò sí ẹni tí Kúnbi kò dá èènì lé tirẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ní ìdí àpò. Success gbé ìkòkò ilé wá, ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

"Mo gbé àga méjì sẹ́bàá ilẹ̀kùn," ni Akínbíyì wí, ohùn rẹ̀ kò ju kí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ lọ.

"Mo gbọ́."

Kúnbi ki kóńgò bọ ìdí àpò, ó bù ú kún, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gé e létí títí ó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó dà á sínú ìkòkò. Kò dín, kò lé. Akínbíyì ń wo ọwọ́ náà bóyá yóò tún padà sínú àpò lọ bu èènì.

Kò padà. Kúnbi gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀wà dànù lára ọwọ́ rẹ̀, ó ti ìkòkò náà síwájú ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣà á," ló wí. "Òkúta pọ̀ nínú ẹ̀."